Wọ́n Ti Iyọ̀ Mọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n ọkọ aládùúgbò mi ní àwọn wá kí àbúrò àwọn fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, wọn ò rántí ọ̀nà ilé wọn mọ́. Obìnrin tó mọ gbogbo nǹkan lábẹ́ ọ̀run ni wọ́n. Wọn ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì o. Wọ́n kàn ní fóònù. Amọ̀ọ́tán ni mò ń pè wọ́n lẹ́yìn wọn. Lójú wọn, "Ẹ̀gbọ́n" ni.

Aránṣọ ni aládùúgbò mi. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tó ń dúdú sí i, bẹ́ẹ̀ inú ilé ló ń jókòó ránṣọ, oòrùn ò rí i. Bó bá dìde nídìí maṣíìnì, òòyì á kọ́ ọ, á di ògiri mú. Iyọ̀ lásán ló wá ń dà sátẹ́lẹwọ́, tó ń lá.

Amọ̀ọ́tán dájọ́ lójú ẹsẹ̀. "Wọ̀bìà! Ẹ̀jẹ̀ ríru lò ń wá kiri yẹn." Wọ́n kó iyọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í pa. Rírẹ̀ tó ń rẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ọ̀lẹ ni. Dúdú tó ń dú? Kó yáa máa wẹ̀ dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n ló mọ̀ jù," ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n. Akọni ọkùnrin!

Lọ́jọ́ kan, ó bì títí, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà mi, ara rẹ̀ tutù. Èmi àti ọkọ rẹ̀ la gbé e dé ọsibítù. Dókítà wo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti dúdú. Ó béèrè bóyá iyọ̀ máa ń wù ú lá. Ọkọ ní, "A ti tì í pa mọ́ ọn."

Dókítà ní ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín tó ń pèsè èròjà tí kì í jẹ́ kí iyọ̀ ara ṣòfò. Ti aránṣọ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn ló ń mú un dúdú, tó ń rẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún iyọ̀. Wọ́n fa omi oníyọ̀ sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó lajú.

"Oògùn yìí, ojoojúmọ́ ni, títí ayé," ni dókítà wí. "Bẹ́ ẹ bá dá a dúró, ẹ lè kú."

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ tá a délé, Amọ̀ọ́tán gba oògùn náà wò. "Ojoojúmọ́ kẹ̀? Á di bárakú! Ẹ jẹ́ n bá a tọ́jú ẹ̀, kó máa lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Wọ́n ti ń gbé e lọ sí yàrá wọn.

Ọkọ dìde. Ó gba oògùn lọ́wọ́ wọn, ó fi lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ di ẹrù yín. Mo fẹ́ kí ìyàwó mi wà láàyè."