Ojúlé Tí Ìyá Yà Lẹ́ẹ̀mejì

"Má mí sí mi lára aṣọ," ni ìyá arúgbó náà wí, ló bá ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú igbá ẹ̀kọ. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀kọ láfún ni, funfun báláú, ó ń rùn bí omidùn àná. Àwọn tó ń gba iwájú ilé wa kọjá ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń rò pé títà ni. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ na àwo: "Ìyá, ẹ bù fún mi." Ìyá á ní, "Aṣọ ló ń jẹ tèmi. Kọjá lọ, jàre."

Kò bá wa tan. Ẹ̀gbá ni, ó háyà yàrá ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ẹ̀kọ ya ọnà sára aṣọ funfun kó tó kó o fún aláró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Á kọ́kọ́ ṣẹ́ aṣọ náà po, á fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po, á wá tú u. Àwọn igun mẹ́rin-mẹ́rin tó bá hàn, ojúlé ló ń pè wọ́n. Ojúlé kan, ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, òmíràn, tó-tò-tó, òmíràn, ewé ẹ̀gẹ́ tàbí egungun ẹja. Kò sí èyí tó le níbẹ̀. Èmi náà fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo wọn sínú ìwé àwòrán mi títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Olùkọ́ wa ní kí n yéé fi ìwé ṣòfò, kí n ya ife bí àwọn yòókù.

"Ya ife fún un," ni ìyá wí. "Tó o bá yà á tán, ya ẹja sínú rẹ̀."

Ojú ló dà á. Ó ti ń ṣe báìbàì, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣòwò ní Abẹ́òkúta sì gbọ́. Ó wọ lọ́rì wá.

"Ìyá, ẹ palẹ̀ mọ́, ká máa lọ sílé."

"Ilé wo? Èkó ni mo ti di èèyàn. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, kí ló ń wá lẹ́yìnkùlé ọmọ?"

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn ọmọ náà ní, "Ó dáa. Ẹ ya aṣọ kan tán lójú mi láìsí àṣìṣe, n ò ní sọ̀rọ̀ lílọ mọ́." Ìyá gbà pé tóun bá ṣì í, òun á bá a lọ. Inú mi dùn gan-an pé kò ní lọ, torí n kò mọ ẹlòmíràn tó máa ń wo àwòrán mi.

Ó yà á láti àárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù lápá Marina, a jẹ mọ́ínmọ́ín, ìyá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ funfun lórí aṣọ funfun, bó bá ti ń gbẹ, ẹni tójú rẹ̀ mú ló ń rí i. Ó fi èékánná wá ojú ìṣẹ́po, ó ṣì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé ẹ̀gẹ́ lé orí egungun ẹja àárọ̀. Àyà mi já. Ọmọ rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ ìyá wá dúró.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó rọra bi mí, "ṣé mo ti ya ibí?"

Mo yíjú wo ọmọ rẹ̀ lórí àpótí.

"Mo ní ṣé mo ti yà á?"

"Ẹ ti yà á, mà."

"Háà! Onílé méjì nínú ojúlé kan." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìyẹ́ lélẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀. "Wá wò ó. Mo ti ṣe àṣìṣe."

Ọmọ náà wò ó títí. "Èmi ò rí nǹkan kan, Ìyá."

"Aró á rí i," ni ìyá wí. Ó kọjú sí mi. "O ṣé tí o kò tàn mí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti di ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì. Mo sunkún débi pé ìyá mi halẹ̀ pé òun á nà mí. Télọ̀ kan ló gba yàrá náà, n kò sì fojú kan ìyá mọ́.

Mo ṣì máa ń ya ọnà wọ̀nyẹn tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe bàbàrà. Àwọn ọmọ mi ní ẹnu mi mú jù, pé ẹni tó bá bi mí bóyá iṣẹ́ òun dára, kó múra sílẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ohun tí mo bá rí ni mo ń sọ, àyà mi a sì máa já kí n tó sọ ọ́. Wọ́n rò pé ó rọrùn fún mi. Wọn ò mọ ohun tí òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ gbà lọ́wọ́ mi.