Bàbá Aago àti Kọ̀ǹpútà Tó Gbàgbé Ọdún

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó gun àga nílé onílé, tó ń nawọ́ sí aago ara ògiri, tí kò sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ọkọ mi nìyẹn. Iṣẹ́ aago títúnṣe ló ń ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá Aago sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Aago tó bá ń parọ́ kì í jẹ́ kó fìdí balẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí àbígbẹ̀yìn wa, tí mò ń ké pé mo kú o, ẹnu ọ̀nà ni ọkọ mi wà tó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn pé aago wọ́ọ̀dù wọn fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n má fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé ìbí ọmọ òun. Ó dá mi lójú pé nọ́ọ̀sì yẹn ò gbàgbé wa títí dòní.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí lọ, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Aago ló kún ara ògiri. Àwọn tó ti sàn ń ké déédéé, àwọn aláìsàn ń ké bó ṣe wù wọ́n. Ọkọ mi á ki gíláàsì kékeré bọ ojú kan, á fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú síkúrù tí ò ju ẹyin èèrà lọ, kò sì ní mí títí síkúrù yẹn á fi wọlé. Inú agolo bisikíìtì kan ló ń kó àwọn bátìrì rẹ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí, wọ́n rí roboto bíi bọ́tìnnì kóòtù.

Àmọ́ fóònù ti gba iṣẹ́ mọ́ aago lọ́wọ́, oníbàárà ò wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àkọ́bí wa obìnrin, tẹ́lọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́rẹ́ là ń pe òun, torí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní bàbá òun ń tọ́jú aláìsàn tí ẹbí ti gbàgbé sí ọsibítù. Bàbá rẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún yìí ni Abẹ́rẹ́ ra ẹ̀rọ kan tó ń fúnra rẹ̀ fi òwú kó iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Ẹ̀rọ náà ò lè dá nǹkan kan ṣe o. Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká lèèyàn ti máa ya àwòrán, sọ́fítíwíà tí wọ́n tà mọ́ ọn ló sì máa gbé àwòrán náà lọ bá a. Abẹ́rẹ́ bá wá kọ̀ǹpútà àlòkù kan rà. Kò tíì lò ó rí tó fi gba iṣẹ́: ọgọ́rin báàjì fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, tí wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọ lẹ́bùn lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ìyá kan tí kì í ṣeré, ní òun fẹ́ fojú rí ẹyọ kan lọ́jọ́rú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé e fún tẹ́lọ̀ mìíràn. Ọmọ mi ò gba irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sọ́fítíwíà náà sórí kọ̀ǹpútà. Ìlà kékeré kan ń kún díẹ̀díẹ̀ bí omi tó ń wọ ìgò. Ó dé ìdajì, àpótí pupa kan yọ, ó ní òun ò gbà. Abẹ́rẹ́ pa á, ó tàn án, ó tún un ṣe. Ìdajì, àpótí pupa. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì, ọmọlúàbí èèyàn tí à ń pè ní Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà. Ìyẹn pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó gbé e wọlé lọ́tun, ó yí íńtánẹ́ẹ̀tì padà, ó ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìdajì, àpótí pupa. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ó jọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ mi. Abẹ́rẹ́ wá rísíìtì tó fi ra ẹ̀rọ náà jáde. Ó ní lọ́jọ́ kejì òun á lọ bá ẹni tó ta ẹ̀rọ náà, ilé á gbóná mọ́ ọn lórí.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ti ń wọ bàtà tó fẹ́ fi lọ jà nígbà tí bàbá rẹ̀ yà wọlé láti tọrọ òróró maṣíìnì. Èmi ń já bọ́tìnnì lára aṣọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, tóun náà wà níbẹ̀, ní kí Abẹ́rẹ́ ka ohun tí àpótí pupa náà wí lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè fi sẹ́nu tó bá débẹ̀. Abẹ́rẹ́ ní ohun tó kọ ni pé òun ò lè gba ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà yìí gbọ́, torí pé ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé.

Ọkọ mi dúró, tòun tìgò òróró lọ́wọ́. “Ọjọ́ wo lòun rò pé a wà?”

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìyí.”

“Mo mọ̀. Ọjọ́ wo ló wà níbẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó wò ó rí. Ojú fóònù ni gbogbo wọn ti ń wo aago. Ọkọ mi fi gíláàsì sójú, ó tẹ̀ wo igun kọ̀ǹpútà nísàlẹ̀. Aago mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ọdún ibẹ̀ sì ti fi méjìlá rẹ̀yìn.

Ó yíjú sí mi. “Ìyá àwọn ọmọ mi, wá wò ó. Nínú ẹ̀rọ yìí, ìbàdí rẹ ṣì kéré.”

Mo ní, “Irun orí yín náà ṣì wà níbẹ̀.”

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò tíì rí eyín rẹ̀.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fọwọ́ lu iwájú orí ara rẹ̀. Ó ní ọdún tó kọjá ni wọ́n kọ ìwé àṣẹ náà, kọ̀ǹpútà tó bá sì rò pé ọdún méjìlá sẹ́yìn la wà, ìwé ẹni tí wọn ò tíì bí ni yóò pè é. Ó tún ọjọ́ náà tò, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó kọjá ìdajì. Àfi gbàù, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, ó ti tún padà sí ọdún méjìlá sẹ́yìn.

“Èyí kì í ṣe òpùrọ́,” ọkọ mi ní, “onígbàgbé ni. Bátìrì inú aago rẹ̀ ti kú.”

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ní òótọ́ ni, bátìrì kékeré kan wà nínú tó ń bá a rántí ọjọ́ tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní irú rẹ̀ nílé, àárín ìlú lèèyàn ti ń rí i, aago kan ọ̀sán sì ti kọjá. Ọkọ mi ò dúró gbọ́ parí. Ó ti sáré wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti gbé agolo bisikíìtì jáde.

Ó dojú kọ̀ǹpútà náà bolẹ̀, ó tú síkúrù ìdí rẹ̀, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun bó ṣe tú wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ń fi fóònù tan iná fún un, ó sì ń na ìka sí ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀mú wọlé, bátìrì roboto kan jáde. Ọkọ mi mú ìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú agolo.

“Irú èyí ni mo máa ń fún àwọn aláìsàn mi lò,” ló wí, “àwọn tí ẹbí ti gbàgbé.”

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n tún ọjọ́ tò, ìlà kún, ó kọjá ìdajì, ó kún tán. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí òjò lórí páànù, ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan, àmì ilé ẹ̀kọ́ náà, sì bà lé orí ìwé funfun, lára aṣọ báàjì. Abẹ́rẹ́ já òwú, ó sáré. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ló dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ìyá náà yẹ iwájú wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò, ó ní kó máa ṣe àwọn yòókù lọ. Ọjọ́bọ̀ ni ọgọ́rin pé.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ti wá di oníbàárà wa báyìí o. Kọ̀ǹpútà tó bá ti gbàgbé ọjọ́, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ló ń gbé e wá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Abẹ́rẹ́ jí kóòtù iṣẹ́ bàbá rẹ̀ mú. Nígbà tó dá a padà, ó ti kó aago kan sára àpò àyà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró sí aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ti Ọjọ́rú. Ọkọ mi wọ̀ ọ́. Ó wo àyà rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo àyà. Àwa tá a mọ̀ ọ́n ń wò ó.

Mo ní, “Aago yẹn ò rìn o. Ẹ ò ní tún un ṣe?”

Ó de bọ́tìnnì kóòtù náà títí dé ọrùn. “Èyí ò parọ́,” ló wí. “Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”