Àyìsátù Ọlọ́ìlì Kì Í Sọ Pé Ó Pé

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ra ọ́ìlì ọkọ̀ lọ́wọ́ Àyìsátù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ "ó pé" lẹ́nu rẹ̀. Awakọ̀ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, "Ìyá, ẹ bá mi wò ó, ṣé ó pé?" Àyìsátù á fa irin gééjì yọ, á nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á yọ, á gbé e sójú oòrùn, á wá ní, "Ó dé ìlà." Bí o bá bi í lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, "Ó dé ìlà" náà ni. Àwọn awakọ̀ Òmù-Àrán a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní owó kì í pé lọ́wọ́ Ìyá Suliat, ó kàn máa ń dé ìlà ni.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àrán-Ọ̀rin. Páànù ni òrùlé, páànù ni ògiri. Obìnrin kúkúrú ni, aṣọ dúdú ló máa ń ró, ó ní ọ́ìlì kì í hàn lára rẹ̀. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí mẹkáníìkì tó lè bá a jiyàn lórí ọ́ìlì. Bébà funfun ló máa ń kán an sí. Ọ́ìlì tuntun á tàn ká, á mọ́ gaara. Èyí tí wọ́n ti lò rí á fi ojú dúdú kan sílẹ̀ láàárín. Á ti òwú bọ ọ́ìlì, á tan iná sí i. Bí ó bá ń ta pàràpàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, á wá gbóòórùn rẹ̀.

Ambrose Bámigbóyè, ọmọ Àrán-Ọ̀rin tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gégi fún mi, kọ́kọ́ rò pé ọ́ìlì kan náà ló wà fún gbogbo nǹkan. Àyìsátù ló là á lóye.

"Ambrose, ẹnu méjì ni ayùn rẹ ní. Èyí tó fẹ́lẹ́ yìí ni kí o pò mọ́ bẹntiróòlù, òun ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Èyí tó ki tó ń fà yìí, ti ṣéènì ni. Má fi oúnjẹ ẹnu kan bọ́ èkejì."

"Ìyá, ti lọ́rì ńkọ́?"

"Ti lọ́rì kì í ṣe ti ìkankan nínú wọn. Ṣé bàtà rẹ lo máa ń wọ̀ sórí ni?"

Nǹkan mìíràn tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín ni pé, bí ọ́ìlì bá ti tán nínú agolo, Àyìsátù á gbé òòlù, á lu ìṣó sí ikùn agolo náà títí yóò fi já sí ẹ̀yìn. Agolo òfìfo sì ń pa owó! Ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ kékeré kiri, tó ń ra agolo òfìfo àti ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò gbó, èyí tí à ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Èmi Jòhánù Ọlábọ̀wálé, onígẹdú ni mí, n kì í sì í da ohun tó bá lè di owó nù. Láti ọdún 1966 tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹdú ni mo ti ń ta agolo àti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù fún ọkùnrin yẹn. N kò bi í léèrè ohun tó ń fi wọ́n ṣe. Ó ń sanwó lójú ẹsẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo máa ń ṣe nìyí: bí mo bá ra agolo ọ́ìlì, mo máa ń fi ọ̀bẹ ha àmì orúkọ mi, J àti O, sí ìdí rẹ̀ nínú ilé, kí awakọ̀ má baà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọkọ Àyìsátù ni Àbúdùlàhí. Awakọ̀ ni. Ó kọ SÙÚRÙ síwájú orí lọ́rì rẹ̀, iṣu ló sì ń kó láti Òró-Àgọ́. Ní ọdún 1969, ọdún kejì tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, ogun ń lọ lọ́wọ́, ọ́ìlì wọ́n bí ojú. Àbúdùlàhí ra agolo kan tí kò wọ́n. Nígbà tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù iṣu, bí ó ti ń gun òkè tó ga jù lójú ọ̀nà náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì. Oníṣu tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ròyìn rẹ̀: ẹ́ńjìnnì ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, bíréèkì kò mú un, ó di inú kòtò. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin Àbúdùlàhí.

Lẹ́yìn ọ̀fọ̀ ni Àyìsátù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ́ìlì. Agolo tí ọkọ rẹ̀ rà lọ́jọ́ náà ni ó kọ́kọ́ lù ní ìṣó. Ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ìdí rẹ̀ sí páànù. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń jókòó sábẹ́ agolo yẹn.

Nǹkan kan tún wà. Bí oòrùn bá ti ń yẹ̀ lọ́sàn-án, Àyìsátù á ṣàdédé dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á gbé orí sókè.

"Ó ti ń gun òkè," á sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ni?"

Á padà sídìí ọjà rẹ̀. Òkè tí ó ń wí jìnnà sí Òmù-Àrán, kò sí etí tó lè gbọ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Mo kà á sí oòrùn àti àárẹ̀. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í dúró fetí sí ohun tí kò sí.

Ní 1978, ìjọ kan ní Èsìẹ́ gbé iṣẹ́ pákó òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ fún mi. Mo gbọ́dọ̀ kó pákó dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Igi apá ńlá kan wà ní igbó kan lọ́nà Òró-Àgọ́ tó lè ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Náírà mẹ́rin ni Àyìsátù ń ta agolo ọ́ìlì nígbà náà. Lójú ọ̀nà Ìlọrin, ẹnìkan ń ta á ní náírà méjì àti ọgọ́ta kọ́bọ̀, ọmọrí rẹ̀ wà pẹ̀lú èdìdì. Mo ra méjìlá, ìkánjú kò sì jẹ́ kí n ha àmì mi sí wọn. Mo kó méjì fún Ambrose pé kí ó fi ṣiṣẹ́ ayùn, ó gbé ayùn ó ṣíwájú wa lọ. Mo ní kí Ògúntúndé awakọ̀ mi da ìyókù tí ó bá yẹ sínú ẹ́ńjìnnì lọ́rì.

Ògúntúndé yìí ló fẹ́ Suliat, ọmọ kan ṣoṣo tí Àyìsátù bí. Nígbà tí a ń lọ láàárọ̀, ó ní òun kò lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá ìyàwó òun láìkí i. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ó ti máa ń ṣe.

"Ìyá, a ti ń lọ o. Ṣé ó pé?"

Àyìsátù fa gééjì yọ. Kò nù ún. Ó gbé e sí imú.

"Níbo lẹ ti ra èyí?"

"Ìyá Suliat," mo ní, "ọjà ni ọjà. Tìrẹ ti wọ́n jù."

"N kò béèrè iye, Bàbá Rúùtù. Òkè wo lẹ fẹ́ gùn?"

Ògúntúndé ló dáhùn. "Ti Òró-Àgọ́ ni, Ìyá."

Ó ti gééjì padà sáyè rẹ̀. Ó rìn lọ sí iwájú lọ́rì, ó jókòó sínú eruku, ó fẹ̀yìn ti táyà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ wà á lọ."

"Dìde níbẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́."

"Mo ní kí ẹ wà á lọ. Oyún oṣù méje wà nínú Suliat. Kí táyà yìí kọ́kọ́ gorí ẹsẹ̀ mi, kí ó tó ba ayé rẹ̀ jẹ́."

Ẹni tó ń lẹ táyà ní òdìkejì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá onígẹdú, ẹ san owó ìdènà fún Ìyá o! Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò lọ!"

Inú bí mi. "Kí ni ọ́ìlì yìí ṣe fún ọ?"

"Òórùn rẹ̀ ni. Bí ìkòkò tí ọbẹ̀ jó mọ́. Òun ló wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo bá Àbúdùlàhí fa gééjì. Ó bi mí pé ṣé ó pé. Mo ní ó pé. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ó pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló pé níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí mo fi sin ọkọ mi jáde nílé nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, òkú ni wọ́n gbé wá fún mi."

Mo lọ gbé agolo kan tí a kò tíì ṣí, mo ní kí ó dán an wò, kí ojú lè tì í. Ó kán an sórí bébà: ojú dúdú jókòó láàárín. Ó ti òwú bọ̀ ọ́, ó tan iná sí i: pàràpàrà. Ìgbà náà ni mo yí agolo dà láti wo ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ìdí rẹ̀ ni mo rí.

J àti O. Ọ̀bẹ mi ló ha á.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Mo mọ̀ pé èmi nìkan ló mọ̀, bí mo bá gbé e padà sínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tán.

"Kí lẹ rí?" Àyìsátù bi mí.

"Kò sí."

"Ẹ gbé e wá."

Mi ò mọ ìdí tí mo fi gbé e fún un. Ó wo ìdí agolo náà títí. Ó dìde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó já agolo ara ògiri sílẹ̀ tòun ti ìṣó inú rẹ̀. Ó gbé àwọn méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ìdí wọn sí òkè.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni àmì yìí ti wà lọ́kàn mi. Ọkọ́ àti igbá ni mo ń pè é. Mo rò pé àwọn tó ṣe agolo ló fi síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kàwé, Bàbá Rúùtù. Kí ni wọ́n kọ?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi tí n bá pa. Ògúntúndé kàwé díẹ̀, ó ti ń wò mí.

"Orúkọ mi ni," mo ní. "Èmi ni mo ta agolo náà. Mo ta kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pẹ̀lú. N kò mọ̀ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń dà á padà sí."

Kò sọkún. Kò bú mi. Ó wo agolo kìíní, ó wo èkejì.

"Ó pé," ó ní.

Lẹ́yìn náà ó ní kí Ògúntúndé tú ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì dànù pátápátá. Ó gbé tirẹ̀ wá, ó dà á sí i, ó fa gééjì, ó ní, "Ó dé ìlà." Mo fẹ́ fi owó kún owó rẹ̀. Ó ka iye tirẹ̀, ó dá ìyókù padà. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ. Ó wá na òòlù àti ìṣó sí mi. Mo lu gbogbo agolo tó wà nínú ọkọ̀, èyí tó kún àti èyí tó ṣófo, níṣojú gbogbo ọ̀nà. Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀.

Oòrùn ti yẹ̀ kí a tó dé òkè yẹn. Ọkọ̀ wa ń gùn ún dáadáa. Ògúntúndé wo dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, lọ́rì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ẹrù rẹ̀ pọ̀."

Èmi náà gbọ́ ọ. Ohùn lọ́rì àtijọ́ ni, ó ń mí bí ẹni tó ru igi. Mo wẹ̀yìn, ọ̀nà ṣófo. Ògúntúndé yà sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró. Ohùn náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó kọjá, òórùn ìkòkò tó jó sì kún inú ọkọ̀. A kò rí nǹkan kan.

"Ó ti lọ," Ògúntúndé ní, ó sì mú ọkọ̀ rìn.

Ní igbó, Ambrose jókòó sórí òkúta, ó jìnnà sí igi.

"Ẹ má sún mọ́ ọn o!" ó kígbe. "Ayùn ti gan sínú rẹ̀!"

Ọ́ìlì mi ló pò mọ́ bẹntiróòlù. Igi apá náà dúró, Ambrose ti gé e dé ìdajì, ayùn há sí i lọ́rùn, bí atẹ́gùn bá fẹ́ á máa ké bí ilẹ̀kùn ilé tí ẹnìkan kò gbé. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò wó sí. Ní ọjọ́ kẹta, ó wó fúnra rẹ̀ sórí ayùn. Ayùn ṣègbé, pákó fọ́, ìjọ Èsìẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Èrè tí mo jẹ lórí agolo méjìlá jẹ́ náírà mẹ́rìndínlógún àti ọgọ́rin kọ́bọ̀.

Suliat bí obìnrin. Àyìsátù ta ọ́ìlì fún mi títí di ọdún tó kú, ní 1984. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́, kò sì tún wí pé ó pé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Suliat gbé agolo ara ògiri wá fún mi. Ó ní ìyá òun ní kí òun fún ẹni tó ni ín.

Ó wà nínú yàrá mi. Bí mo bá sì ń gba ọ̀nà Òró-Àgọ́ kọjá lọ́sàn-án, tí a bá dé ìdí òkè yẹn, mo máa ń sọ fún awakọ̀ pé kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ó dúró díẹ̀. Awakọ̀ tuntun á bi mí pé ta ni a ń dúró dè. Mo máa ń ní ọkọ̀ kan ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ó kọ́kọ́ kọjá. Bẹntiróòlù tó ń jó níbẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ. Èmi ni mo ń san án.