Orúkọ tí mo fi gbé Peckham

Risikat tí ẹ ń pè mí yìí kì í ṣe orúkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti padà sí Ìṣẹ́yìn ni. Ìwé rẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ni mo fi gba ilé ní Peckham, ní London níbí.

Ìjọba ti wá mọ̀, wọ́n sì ti kọ̀wé pé àwọn máa dá mi padà sí Nàìjíríà. Lónìí, mo lọ bá lọ́yà tí kánsù ń sanwó fún kó lè gbèjà àwọn ará àdúgbò. Ọmọ wa ni, ibí ni wọ́n bí i sí.

Ó ní, "Aunty, kí wọ́n tó lè jẹ́ kí ẹ dúró, ẹ fún mi ní ohunkóhun tó fi hàn pé ẹ̀yin Sidikat gan-an lẹ ń gbé Peckham."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé o, ọmọ mi!"

"Mo gbà yín gbọ́. Ta ló lè jẹ́rìí?"

Mi ò rí ẹnì kankan dárúkọ.

Ó fẹ́ fi ṣàwàdà: "Aunty, àfi bí iwin tẹ́nì kankan ò rí rí!" Àwa méjèèjì ò rẹ́rìn-ín.

Ní mọ́ṣáláṣí pàápàá, orúkọ Risikat ni wọ́n fi ń ṣàdúrà fún mi.

Ṣé òmùgọ̀ ni mí ni? Ẹ sọ ọ́, ẹ má wojú mi.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, màá dìde láàárín àwọn obìnrin, màá ní, "Èmi ni Sidikat. Ta ló máa bá mi jẹ́rìí?"