Vaosa àti Omi Èèpo Igi Vi

Ọ̀pọ̀ oníṣègùn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ yẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò, ìbínú ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Ìyá Vaosa kò sí lára wọn. Ẹni tó bá mọ irú rẹ̀ ní gbogbo erékùṣù Savai'i kó nawọ́.

Ogójì ọdún ló ti ń fi omi èèpo igi vi, ìbátan ìyeyè, wo ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru. Nígbà tí Penina, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ewéko ní ìlú Apia, wá bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn dán an wò lára kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kò janpata.

"Mú un lọ. Àmọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, má fi pamọ́ fún mi. Ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń dà á sí."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Penina gbé ìgò oògùn náà lọ. Bí oògùn bá lágbára, ojú ibi tí wọ́n bá kán an sí nínú àwo tí wọ́n fi ń sin kòkòrò náà á mọ́ roro. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, kòkòrò bo àwo náà bí ẹni pé omi lásán ni. Ọ̀gá Penina ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà àwọn á pa á tì.

Penina wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ ọ́ fún Vaosa ní Savai'i. Vaosa kò jiyàn. Ó gbé ìkarahun tó fi ń họ èèpo igi sórí àjà. Lọ́jọ́ kejì, Mele aládùúgbò gbé ọmọ rẹ̀ tí inú ń run dé.

"Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn," ni Vaosa wí.

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín, Ìyá?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Oògùn mi ni kò dá mi lójú mọ́."

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tí Penina kò tíì padà sí Apia, akàn tí kò dáa tí Vaosa jẹ da inú òun fúnra rẹ̀ rú. Ó gbé ìkarahun rẹ̀ kúrò lórí àjà.

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò lò ó mọ́?" ni Penina bi í.

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ní n ò ní fún. Ikùn tèmi, ta ló bá mi ni ín?"

Ó họ èèpo, ó dì í sínú aṣọ, ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù, ó fún un sínú ife, ó gbé e mu.

"Ìyá, ẹ ò dáná?"

"Iná kí ni?"

"Ìgò tí mo gbé lọ sí Apia gbóná lọ́wọ́ mi."

"Tàwọn ọ̀gá yín nìyẹn. Ṣé ohun tí iná ò rí ni mo máa gbé síwájú èèyàn ńlá, kí wọ́n ní n ò lẹ́kọ̀ọ́? Wákàtí méjì gbáko ni mo fi sè é."

Penina fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ìyá, ọ̀wọ̀ yín ló pa oògùn yín."

Èyí tí iná ò rí ló gbé lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú àwo mọ́, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ọ̀gá ní iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí Penina mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Vaosa, kò yangàn. Ó ní, "Ọmọ Mele ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ti yá. Ilé ìwòsàn ti tọ́jú rẹ̀," ni Penina, tó gba iwájú ilé Mele kọjá, dáhùn.

Vaosa wọlé, ó mú ẹní àtàtà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó lọ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé Mele, ó fi ẹní náà bo orí, bí ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣe ń tọrọ àforíjì nílẹ̀ wọn. Gbogbo àdúgbò ń wò.

Mele sáré jáde. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kí lẹ ṣe?"

"Ọmọ rẹ ń jẹ̀rora, oògùn wà lọ́wọ́ mi, mo sì lé yín padà."

Mele ká ẹní náà kúrò lórí rẹ̀, bí ẹni tó ti dárí jini ṣe ń ṣe. Lẹ́yìn náà, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.