Tíì tí Mo Fi Ń Tan Dádì Mi

Wọn ò lé mi ní yunifásítì o. Kí wọ́n tó lé èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń wá. Èmi kàn sùn kọjá lẹ́kíṣọ̀ Mọ́ńdè kan ni, mo tún sùn kọjá ti Túsìdè. Nígbà tó fi máa di Kérésì, mi ò mọ ẹnu ọ̀nà kíláàsì mọ́. Ẹ̀kọ́ nípa èdè ni mo lọ kọ́ o, èmi tó jẹ́ pé tí mo bá ń sọ Yorùbá, àwọn àgbà àdúgbò wa ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, á ní kí n kúkú máa sọ Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo wa lè sinmi.

Èmi àti dádì mi nìkan la ń gbé nínú fúláàtì káńsù wa, wọn ò sì mọ̀ pé mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Iṣẹ́ kílínà ni wọ́n ń ṣe ní Surrey Quays. Tí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gáríbì tán, wọ́n á po tíì ife méjì, wọ́n á da mílíìkì agolo sí i títí á fi pọ́n bíi bíríkì, wọ́n á wá bi mí pé, "Kí ni wọ́n kọ́ ẹ lónìí?"

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa parọ́, orí mi ṣófo. Mo wo inú ife, mo ní tíì ni wọ́n kọ́ wa.

"Tíì," ni dádì wí. "Tíì yìí náà?"

Mo ní orúkọ ẹ̀ ni. Mo ní Ṣáínà ló ti wá, pé àwọn tí ọkọ̀ ojú omi kó o wá fún ń pè é ní tíì tàbí ohun tó jọ ọ́, àwọn tó gba orí ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn wá ń pè é ní chá. Òótọ́ ni. Lẹ́kíṣọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò sùn nínú ẹ̀ nìyẹn. Dádì gbé ife wọn sókè, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo páspọ́ọ̀tù ẹlòmíì. Wọ́n ní àwọn Hausa wá ń kọ́? Mo ní lẹ́kíṣọ̀ ọ̀la nìyẹn.

Bí mo ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n Rye Lane, títì ọjà Peckham, nìyẹn. Láàárọ̀, màá gbé báàgì kọ́ èjìká, búrẹ́dì nìkan ló wà nínú ẹ̀, màá máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíì, màá máa bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bàbá Hausa tó ń ta tùràrí ní ṣáyì, pé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti kan àwọn. Obìnrin Sòmálíà tó ń ta ìbòrí ní ṣáà. Ọmọ Vietnam tó ń kun èékánná ní òun ò ráyè, àfi tí mo bá fẹ́ kun èékánná. Mo kun ọ̀kan, mo gba ọ̀rọ̀ náà, trà, mo sì fi ọwọ́ pamọ́ sápò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bíríkìlà kan, ọmọ Póláǹdì, ní hẹrúbáta. Ìyẹn ba gbogbo àlàyé mi jẹ́. Mo sọ fún dádì pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ṣì ń wò ó.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ kan, ọmọ Tọ́kì, ni mo ti máa ń jókòó jù. Chay ni tiwọn, nínú gíláàsì tínńtín. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ móoru, mi ò sì níbòmíì tí mo máa wà títí aago mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ gidi máa ń délé.

Dádì ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n ń sọ ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ àwọn ń kọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìnrìn àjò. Àwọn àgbà tó ní kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Prof. Mo ń jẹ́ ẹ, ojú ò tì mí.

Mo pinnu pé tí a bá ti túnu ààwẹ̀, màá jẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ ń fi dánrawò níwájú dígí, mo ń dọ̀bálẹ̀ fún ara mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin ká túnu, ọkàn dádì dákẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Wọn ò bá mi túnu.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ gẹrun. Onígbàjámọ̀ bá mi kẹ́dùn. Ó ní látọjọ́ tí bàbá mi ti wá sí ṣọ́ọ̀bù òun lòun ti fẹ́ràn wọn.

Mo ní bàbá ta ló wá?

Ó ní bàbá mi ni, ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé. Wọ́n wọlé, wọ́n pe tíì ní èdè òun, wọ́n ní ọmọ àwọn ló kọ́ àwọn. Òun náà, inú ẹ̀ dùn, ó ní òun mọ ọmọ yẹn dáadáa, ojoojúmọ́ ló ń bẹ lọ́dọ̀ òun láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta. Dádì wá bi í pé, "Àga wo ló máa ń jókòó lé?" Ó fi hàn wọ́n. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n mu chay kan tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ó ti gẹ apá kan orí mi tán, ó ku ìkejì. Báyẹn ni mo ṣe sunkún, bí àgùntàn tí wọ́n gẹ dé ààbọ̀.

Àsìkò tí wọ́n lọ jókòó síbẹ̀ yẹn ni ìbéèrè wọn yí padà, tí èmi tí mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ò gbọ́ ọ. Wọn ò bi mí mọ́ pé kí ni wọ́n kọ́ mi. Wọ́n á po tíì, kódà nígbà ìṣínu, wọ́n á ní, "Ṣé o ní nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?"

Ojoojúmọ́ ni mo ń ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé ìlú mìíì kalẹ̀ fún wọn.

Ìrọ̀lẹ́ tó gbẹ̀yìn, ìlú àwọn Pọtugí ni. Mo ní chá làwọn yẹn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó tiwọn. Dádì mu tíì wọn dé ìdí ife. Wọ́n wò mí títí.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Wàá sọ èyí tó kù lọ́la."