Agogo Ọkọ̀ Ẹgà

Bí ẹ bá dé Àgọ́ Aláyè tí ẹ béèrè Joshua Ọláníran, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ ronú ná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Néfì lẹ ń wá, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ni yóò nawọ́ sí ilé onípáànù pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kòkó. Kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni Bàbá Ọláníran ń gbìn báyìí. Kí ó tó di àgbẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ni ìgbà èwe rẹ̀ lọ sí. Kì í ṣe inú ọkọ̀ ńlá tó ń la òkun kọjá ló ti ṣiṣẹ́ o. Ọkọ̀ kékeré kan ni, tí kò gbà ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, tó ń ṣọ́ ẹnu odò àti ọ̀sà níhà Ìlàjẹ. Nọ́ńbà ni ìjọba kọ sí i lára, ṣùgbọ́n Ẹgà ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sinmi ariwo. Ọláníran ló ń tọ́ ọkọ̀. Samson, ọmọ Odìgbó, tó fi ọdún díẹ̀ jẹ́ àbúrò rẹ̀, ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan náà, ẹ̀fọn odò kan náà ló sì jẹ wọ́n.

Níbi ìsìnkú ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní Òrè ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn arúgbó jókòó sábẹ́ ìbòrí, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ti lọ, ẹ̀rù sì bà wọ́n.

Samson ló la ẹnu sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ńlá ni gbogbo ayé ń ya fọ́tò. Ta ni yóò sọ pé Ẹgà gbé aboyún la ọ̀sà kọjá lọ́jọ́ tí ìjì ń jà? Bí àwa yìí bá kú, ó parí nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Kéékèèké sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì kan ní Òrè, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ ọkọ̀ tó ń pe èrò Benin àti èrò Èkó. Wọ́n ń kó fọ́tò jọ, fìlà, okùn, àjẹkù irin ìtọ́kọ̀. Ẹnìkan gbẹ́ àwòrán Ẹgà sára igi, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Adédoyin, tíṣà obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ náà, di akọ̀wé wọn. Bàbá Ọláníran di alága, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn bíi tirẹ̀. Bí Adédoyin bá ní kí ó rọra sọ ọ́ kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín.

"Ìyá wa, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú. Orí mi yìí ni ìwé."

Ọládùnní ìyàwó rẹ̀ ti ń rí i pé ìwé náà ti ń ya. Lọ́jọ́ kan Bàbá bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó ti níyọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn ó dé oko, ó sì padà wálé wá béèrè ohun tí òun lọ ṣe níbẹ̀. Obìnrin náà ń gbé e wá sínú àdúrà ní ìṣọ́ òru ìjọ wọn, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́ ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ohun tó níyì jù nínú yàrá ẹgbẹ́ ni agogo. Agogo idẹ tó wà lórí Ẹgà ni, kò tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. Ọ̀gá tó darí ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn ló gbé e lọ sílé nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ọkọ̀ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ní Igbókòdá sì fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tí agogo náà dé, Samson gbé e mọ́ àyà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ahọ́n agogo ti já, kò lè dún mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn yóò wá nǹkan ṣe sí i kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń bọ̀ wá wòran tó dé. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni yàrá náà ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ alága, èkejì wà lọ́wọ́ Samson.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣílẹ̀kùn, agogo ò sí lórí tábìlì.

Wọ́n tú gbogbo yàrá. Adédoyin wo abẹ́ àga. Eli, tó ti se oúnjẹ nínú ọkọ̀ kékeré mìíràn nígbà náà lọ́hùn-ún, lọ bi oníbúrẹ́dì bóyá ó rí ẹni tó wọlé. Oníbúrẹ́dì ní òun ò rí ẹnìkan. Bàbá Ọláníran dìde láàárín gbogbo wọn. Ara rẹ̀ ń gbóná, ohùn rẹ̀ sì le bí ìgbà tó ń pàṣẹ lórí omi.

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, èmi ò sì gbé agogo. Ó ku ta ni?"

Samson kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tó bá òun rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ ń bá wí?"

"Ẹni tí àna rẹ̀ ń ra irin àlòkù, ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í? Idẹ gidi ni agogo yẹn. Rìlwánù mọ iye tó ń lọ."

Rìlwánù ni ọkọ ọmọ Samson, ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ tó ń ra irin àlòkù lójú títì tó lọ sí Oǹdó. Samson mú fìlà rẹ̀, ó wo àwọn tó jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan á gbèjà òun. Oníkálukú ń wo ilẹ̀. Ó jáde.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ọláníran sọ ní Òrè ti dé Odìgbó kí Samson tó sọ̀ lórí ọ̀kadà. Bàbá ò sì fi mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó mú Eli dání, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù Rìlwánù, wọ́n sì ń tú páànù àti wáyà sílẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Rìlwánù dúró, ó ká apá mọ́yà. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Bàbá, ẹ máa wò ó dáadáa o." Wọn ò rí nǹkan kan. Bàbá kúrò níbẹ̀ láì tọrọ àforíjì, ó ń sọ fún Eli pé olè kì í kó ẹrù pamọ́ síbi tí wọ́n ti máa wá a.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà tó lọ ra oògùn kòkó ní Òrè. Bó ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Tàófíìk tó ń jó irin pọ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ń pè é.

"Bàbá Néfì! Ṣé ẹ ti gbàgbé mi ni? Agogo yín ti ń retí yín."

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Tàófíìk wọlé, ó gbé nǹkan kan tí a fi àpò sìmẹ́ǹtì wé jáde, ó tú u. Agogo Ẹgà nìyẹn, ó ń dán, ahọ́n tuntun wà nínú rẹ̀.

Bàbá fi ọwọ́ kan án. "Ta ló gbé e wá fún ọ?"

Tàófíìk rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ṣebí bẹ́ńṣì yìí lẹ jókòó sí, tí ẹ ń sọ fún wa bí ẹ ṣe fi òru lé àwọn onífàyàwọ́ dé ẹnu òkun. Ẹ ní kí n máà yára, kí n ṣe é kó dára."

Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì náà. Ó wá ọjọ́ yẹn nínú orí rẹ̀. Ó wá bẹ́ńṣì, ó wá àpò sìmẹ́ǹtì, ó wá ojú Tàófíìk. Ó rántí òru àwọn onífàyàwọ́ náà bí ẹni pé àná ni, títí dé òórùn epo tó dà sí Samson láṣọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gbé agogo wá síbí, kò bá a. Kò sí níbẹ̀ rárá. Kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ tì í lójú: pé ó pe ọmọlúàbí ní olè ni, tàbí pé orí tó fi ń yangàn ti ń dà á.

Ibi tí ó yẹ kí ó gbà ni Odìgbó. Kò gba ibẹ̀. Ó gbé agogo náà sínú àpò tó mú dání láti fi ra oògùn kòkó, ó lọ sí yàrá ẹgbẹ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó tì í sẹ́yìn àwọn páálí tó wà ní kọ̀rọ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn padà. Lójú tirẹ̀, wọn á rí i, wọn á ní àwọn ò wá ibẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ á tán. Ìtìjú kì í jẹ́ kí àgbà rí iwájú. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta á létí ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi délé. Ọládùnní bi í pé oògùn kòkó ńkọ́. Kò rà á.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Adédoyin ń palẹ̀ páálí mọ́, ló bá kígbe. Ó gbé agogo sókè, ahọ́n rẹ̀ sì dún. Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń yọ̀. Eli ló kọ́kọ́ rí ahọ́n tuntun náà.

"Ahà! Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rù ló ba Samson. Nígbà tí a tú ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀, ó yọ́ wá dá a padà, ó tiẹ̀ tún un ṣe láti fi bẹ̀bẹ̀. Ṣebí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n mi orí. Ẹnìkan ní kí Ọlọ́run dárí jì í. Bàbá Ọláníran jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Kò rò ó dé ibẹ̀. Ohun tó ṣe láti bo ara rẹ̀ ti tún fi olè kan Samson lẹ́ẹ̀kejì. Eli ti ń tẹ fóònù, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Samson, a ti rí i o. A dúpẹ́ pé o dá a padà. A ti dárí jì ọ́."

Nígbà tí ohùn Samson jáde, ohùn arúgbó ni, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Kí ni mo dá padà, Eli? Kí tún ni mo ṣe?"

Bàbá dìde. "Gbé fóònù yẹn wá." Eli gbé e fún un. Ó gbé e súnmọ́ ẹnu. "Samson, èmi ni. Èmi ni mo gbé agogo lọ fún Tàófíìk, mo sì gbàgbé. Nígbà tí mo rí i, mo gbé e wá fi pamọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀. O ò mú nǹkan kan. O ò mú nǹkan kan rí."

Wọ́n gbọ́ tí fóònù kú. Kò sí ẹni tó wo Bàbá lójú. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí wọ́n ti wo ilẹ̀ lọ́jọ́ tí Samson jáde. Ìgbà yẹn ló yé e bí ó ti rí lára Samson. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Adédoyin lọ́wọ́. Ó sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn òun sínú fóònù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé ìtàn náà ò ní pẹ́ kúrò lórí òun.

Òun àti Ọládùnní jọ lọ sí Odìgbó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó Samson, Oyin, ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fún wọn ní ìjókòó, ṣùgbọ́n kò bu omi fún wọn. Samson jáde. Bàbá Ọláníran, àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àbúrò rẹ̀ nínú yàrá náà. Samson sáré dì í mú.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ dìde."

"Bá mi wí, Samson. Bú mi."

"Kí ni mo fẹ́ bú? Gbígbàgbé ò dùn mí. Orí tèmi náà ń gbàgbé. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ ò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì." Ó jókòó, ó ń nu ojú rẹ̀. "Gbogbo ọdún tí a jọ wà lórí omi, ẹ ò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó pè mí bẹ́ẹ̀."

Bàbá jókòó sílẹ̀ níbi tó wà.

"Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín," ni Samson sọ níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n Rìlwánù ńkọ́? Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Bàbá lọ sọ́dọ̀ Rìlwánù ní ọ̀sán gangan, nígbà tí èrò pọ̀. Ó dúró láàárín páànù àti irin jíjẹrà, ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó ń wọn irin lè gbọ́: pé òun parọ́ mọ́ ọmọ náà àti bàbá ìyàwó rẹ̀. Àwọn kan dúró wò ó. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní arúgbó yìí ti ń ṣarán. Rìlwánù fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nu ọwọ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ fi Samson jẹ alága, ó kọ̀ ọ́. Adédoyin ló ń darí ìpàdé báyìí. Samson padà wá lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ tán, kò sì tíì pa ìpàdé jẹ láti ìgbà náà. Bí Bàbá bá ń sọ ìtàn sínú fóònù Adédoyin tó sì dé ibi tí kò mọ ọ̀nà mọ́, á wo Samson, Samson á sì bá a mú un níbẹ̀, láìfi í ṣe ẹlẹ́yà. Ìtàn Ẹgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Samson ń kí i bó ti yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n, ó ń béèrè aya, ó ń béèrè oko. Ṣùgbọ́n kò yà sílé Bàbá ní Àgọ́ Aláyè mọ́, bó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, Bàbá ò sì tíì ní ẹnu láti pè é.